Òtítọ́ Lára Ògiri, 'A Kì Í' Lẹ́nu Iṣẹ́: Àyẹ̀wò Èdè tí Ilé-Iṣẹ́ Fi Ń Ṣàpèjúwe Ìwà Ara Rẹ̀

Ìfáárà

Ní Ìyànà Ìbà, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Ìgàndò bọ̀ ti pàdé òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ oríṣi méjì ni ó ń dúró de ẹni tí ó bá fẹ́ wọ dáńfó. Ọ̀kan wà lára ọkọ̀, tí a fi ọ̀dà kọ: 'Ìwà lẹwà', 'Sùúrù', 'Orí ẹni'. Èkejì ń ti ẹnu kọ́ńdọ́ jáde: 'Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!' Èrò tí ó mọ Èkó kì í fi àkọlé ara ọkọ̀ wọn irú ìrìn tí yóò rìn. Igbe kọ́ńdọ́ ni ó ń fetí sí, nítorí pé inú rẹ̀ ni òfin ọkọ̀ wà: kò sí owó wẹ́wẹ́ níbí, bí o bá mú owó ńlá wọlé, a óò so ọ́ pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ óò sì jọ wá ibi tí ẹ óò ti ṣẹ́ ẹ nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ńlá náà ní ọ̀rọ̀ oríṣi méjì. Ọ̀kan wà nínú férémù lára ògiri ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, ó sì wà lójú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: òtítọ́, ọ̀wọ̀, ìtayọ, ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Èkejì ni èyí tí òṣìṣẹ́ tuntun ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbangba ni kọ́ńdọ́ ti ń kígbe òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ni òfin gidi ilé-iṣẹ́ máa ń gbé. Nínú iṣẹ́ yìí, a óò pe ọ̀rọ̀ ara ògiri ní 'àkọlé ìwà', a óò sì pe èkejì ní 'ìṣe'.

Àwọn onímọ̀ nípa ìṣàkóso òwò ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni bí a ṣe lè mú kí ìṣe bá àkọlé mu. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀, nítorí pé èdè àti lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ wa: kí ni ó wà nínú èdè àkọlé ìwà tí ó fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti gbé e kọ́ sókè kí a sì máa ṣe òdì rẹ̀ nísàlẹ̀? Èrò wa ni pé àkọlé ìwà kì í sábà jẹ́ irọ́. Gírámà rẹ̀ ni kò gbà kí ó jẹ́ irọ́, kò sì gbà kí ó jẹ́ òtítọ́ náà. Èyí ni a óò fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni àkọlé ìwà?

Ohun àkọ́kọ́ tí lámèyítọ́ máa ń béèrè ni ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́. Ó lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé oríkì ni àkọlé ìwà, nítorí pé ó ń fi ìwà rere pe ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá jókòó ní ọjọ́ kan kí ó kọ oríkì tirẹ̀ parí. Ẹlòmíràn ni ó ń fún ni ní oríkì, lẹ́yìn tí ojú ti rí ìṣe ẹni. Ọlátúndé Ọlátúnjí nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn Yorùbá (1984), àti Karin Barber nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù (1991), ti jẹ́ kí ó hàn pé oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó máa ń gba àbùkù, àléébù, ìjà àti gbèsè mọ́ra. Ẹni tí a ń kì lè gbọ́ ohun tí kò wù ú láti gbọ́. Àkọlé ìwà kò ní ibi kankan tí àléébù lè gbà wọlé, ẹni tí ó ń yìn àti ẹni tí a ń yìn sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹnì kan lè wí pé àdúrà ni, kì í ṣe oríkì: pé ilé-iṣẹ́ kàn ń sọ ohun tí ó fẹ́ dà ni. Àwíjàre yìí lágbára, nítorí pé Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1945, báńkì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ Àgbọnmágbẹ. Ó di ọdún 1969 kí ó tó máa jẹ́ Wema, orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n títí di òní. Bí a bá tú orúkọ àkọ́kọ́ náà palẹ̀, a óò rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọn, wúnrẹ̀n ìyísódì má, àti ọ̀rọ̀-ìṣe gbẹ: omi tí a ń gbọn tí kò sì ní gbẹ. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn àwọn báńkì ọmọ onílẹ̀ ayé ìgbà náà tí kò ní mọ ìdí orúkọ yìí. Ọ̀pọ̀ báńkì bẹ́ẹ̀ ni ó dá sílẹ̀ tí ó sì kógbá wọlé ṣáájú òfin ilé-ìfowópamọ́ ọdún 1952 àti ní kété lẹ́yìn rẹ̀, tí owó àwọn ènìyàn sì bá wọn lọ. Gbígbẹ ni ẹ̀rù tí ó ń ba ẹni tí ó fẹ́ kó owó rẹ̀ sí báńkì, orúkọ báńkì náà sì dárúkọ ẹ̀rù yẹn gan-an.

Bí orúkọ àdúrà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Málọmọ́ jẹ́wọ́ pé ọmọ ti ń lọ. Dúrójayé jẹ́wọ́ pé àwọn kan kò dúró. Àdúrà Yorùbá kì í fi ewu pamọ́. Ó máa ń pè é lórúkọ kí ó tó lé e. Ẹ wá fi 'Òtítọ́. Ọ̀wọ̀. Ìtayọ.' wé e. Ẹ̀rù wo ni ó wà níbẹ̀? Ewu wo ni ó jẹ́wọ́? Kò sí. Àkọlé ìwà yá ohùn oríkì, ó yá ìrètí àdúrà, ó sì fi méjèèjì ṣe iṣẹ́ ìpolówó. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ le ju ti ìpolówó lásán lọ ni pé àwọn ènìyàn máa ń gbà á bí ẹ̀rí. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ń ra ìpín ìdókòwò, tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ń gba iṣẹ́, tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ń kó owó ìfẹ̀yìntì wọn síbẹ̀.

Enron àti ọkọ̀ amúnáwá Èkó

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Enron, ilé-iṣẹ́ epo gáàsì àti iná mànàmáná tí ó fìdí sọlẹ̀ sí ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni àkọlé ìwà rẹ̀: ọ̀wọ̀, ìdúróṣinṣin, ìbánisọ̀rọ̀, ìtayọ. Ní oṣù keje ọdún 2000, ó tẹ ìwé ìlànà ìwà rere tí ó ní ojú-ewé 64 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2001, ó wọ ilé-ẹjọ́ láti sọ pé òun ti wọko gbèsè. Ohun tí àwọn tí ń sọ ìtàn yìí nílẹ̀ wa kì í sábà rántí ni pé ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ pàtàkì tí ó ti inú rẹ̀ jáde dá lórí iná tiwa.

Enron ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí a gbé ẹ̀rọ amúnáwá lé lórí, èyí tí wọ́n ṣètò pé kí ó máa fún Èkó ní iná. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999, bí ọdún ti ń parí tí ó sì ń wá èrè tí yóò kọ sínú ìwé, ó ta ìpín nínú ọkọ̀ wọ̀nyí fún ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Merrill Lynch. Mílíọ̀nù méje dọ́là ni Merrill Lynch mú sílẹ̀. Enron sì kọ èrè bíi mílíọ̀nù 12 dọ́là sínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kàn wọ́n ni pé títà náà kì í ṣe títà: pé àdéhùn ẹnu kan wà, tí kò sí nínú ìwé, pé láàárín oṣù mẹ́fà Enron yóò rí i dájú pé ẹlòmíràn ra ìpín náà kúrò lọ́wọ́ Merrill Lynch pẹ̀lú èrè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, LJM2, ẹgbẹ́ ìdókòwò tí olórí ètò ìṣúná Enron fúnra rẹ̀ ń darí, ra ìpín náà. Merrill Lynch san mílíọ̀nù 80 dọ́là ní ọdún 2003 láti fi parí ọ̀rọ̀ Enron pẹ̀lú àjọ tí ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ ní Houston dá àwọn márùn-ún lẹ́bi nínú ẹjọ́ ọkọ̀ amúnáwá náà. Ní ọdún 2006, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọ́gi lé púpọ̀ nínú ìdálẹ́bi àwọn òṣìṣẹ́ Merrill Lynch. Níkẹyìn, ilé-iṣẹ́ mìíràn, AES, ni ó wá ń fi ọkọ̀ náà múná wá ní Ẹgbin lẹ́bàá Ìkòròdú.

A kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ohun tí ó kàn wá ni ìbáṣepọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìwé nínú ìtàn yìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A máa ń fi òwe yìí kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára, pé kí olóòótọ́ mú àdéhùn ẹnu rẹ̀ ṣẹ. Bí ẹ̀sùn ìjọba bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Enron mú àdéhùn ẹnu ṣẹ láìyẹ̀, kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ìwé ni ó purọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà gba òtítọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn tí ó wà lóde, tí wọ́n ń ka ìwé ìṣirò àti ìwé olójú-ewé 64, ni kò rí i gbà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níhìn-ín ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ. Wọ́n máa ń ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ìwà, pé kò ní àṣà rere kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀: ó mọ ìdúróṣinṣin, ó mọ ọ̀wọ̀, ó mọ bí a ṣe ń pa àdéhùn mọ́. Ìbéèrè tí àkọlé rẹ̀ kò dáhùn ni: fún ta? Ìbéèrè kékeré yìí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ gírámà.

Gírámà ọ̀rọ̀-orúkọ àti gírámà 'a kì í'

Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wà nínú àkọlé ìwà, ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn. Nígbà tí a bá gbé wọn wá sí Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ́: dúró ṣinṣin di ìdúróṣinṣin; ta yọ di ìtayọ; fọwọ́ sowọ́ pọ̀ di ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Kí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- tó wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí wà nínú gbólóhùn tí ó ní olùwà. Ẹnì kan ni ó dúró ṣinṣin. Àwọn kan ni ó fọwọ́ sowọ́ pọ̀, lórí iṣẹ́ kan. Nígbà tí àfòmọ́ bá ti wọlé, olùwà kò pọn dandan mọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò pọn dandan mọ́, àsìkò kò sì sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó dá dúró lára ògiri kì í ṣe gbólóhùn. Ohun tí kì í bá ṣe gbólóhùn, a kò lè bi í bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ìdí nìyí tí a fi sọ níṣàájú pé àkọlé ìwà kò lè purọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìṣe ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní Yorùbá, ẹ̀hun tí a fi ń sọ ohun tí àwùjọ kan kà sí ìwà ni 'a kì í': olùwà a, tí ó ń tọ́ka sí gbogbo wa láìdárúkọ ẹnì kan, àti ìyísódì kì í, tí ó ń sọ ohun tí kò jẹ́ bárakú. Òun ni a fi ń sọ èèwọ̀, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ àìmọye òwe. Ẹ̀hun yìí kan náà ni òṣìṣẹ́ tuntun máa ń bá pàdé, yálà wọ́n sọ ọ́ sí i létí ni tàbí ojú ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ sí i. Irú rẹ̀ ni: a kì í jáde ní ọ́fíìsì kí ọ̀gá tó jáde, a kì í ta ko ọ̀gá nínú ìpàdé, a kì í béèrè ibi tí owó yìí ti wá. Kò sí ẹni tí yóò gbé irú gbólóhùn wọ̀nyí sínú férémù. Síbẹ̀, bí àlejò bá kó wọn jọ, yóò ti mọ ilé-iṣẹ́ náà tán.

Ẹ wo ohun tí 'a kì í' ní tí 'òtítọ́' kò ní. Ó dárúkọ ìṣe kan pàtó. Ó ní olùwà, tí ọ̀gá pàápàá wà nínú rẹ̀, nítorí pé a kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ṣeé rú, bí wọ́n bá sì rú u, ojú yóò rí i. Ẹnikẹ́ni kò lè rú 'òtítọ́' ara ògiri, nítorí pé kò sọ ohun tí kí a má ṣe.

Ní ìparí ọdún 2006, Cadbury Nàìjíríà, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Agídíngbí ní Ìkejà, fi tó gbogbo ènìyàn létí pé ìwé ìṣirò òun ti ń gbé iye tí ó ju òtítọ́ lọ fún ọdún mélòó kan. Iye tí wọ́n dá lé e wà láàárín bílíọ̀nù 13 sí 15 náírà, wọ́n sì yọ ọ̀gá àgbà àti olórí ètò ìṣúná. Orúkọ ńlá ni Cadbury ń jẹ́. Láti ọdún 1824 tí John Cadbury ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Birmingham ni ìdílé náà ti ní òkìkí olóòótọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì kọ́ ilé-iṣẹ́ ní Bournville, wọ́n kọ́ ilé gbígbé sí i lẹ́bàá. Òkìkí tí a fi ìṣe gbà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ oríkì orílẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀ pàápàá kì í gba ọmọ sílẹ̀ bí ìwà rẹ̀ kò bá jọ ti baba. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí òṣìṣẹ́ kékeré ní lọ́wọ́ ni gbólóhùn kan báyìí, 'A kì í kọ èrè tí a kò tíì jẹ sínú ìwé', a kò wí pé kò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé yóò ní gbólóhùn tí ó lè tọ́ka sí kí ó sì wí pé: 'Ẹ jọ̀wọ́ sà, èyí tí a ń ṣe yìí ta ko ìyẹn.' Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi 'ìdúróṣinṣin' ṣe irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọlúàbí náà lè di àkọlé

Àwọn kan láàárín àwa onímọ̀ Yorùbá ti ń dábàá pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ wa pa ọ̀rọ̀ òyìnbó tì kí wọ́n sì gbé 'ọmọlúàbí' sípò rẹ̀. Àbá yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ni, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ òwò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ó ṣèjọba láti ọdún 2010 sí 2018, a ń pè é ní Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí. Ní ọdún 2015, owó oṣù di gbèsè, àwọn òṣìṣẹ́ tí ipò wọn ga sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdajì owó wọn. Ìjọba ṣàlàyé pé owó tí ń ti Àbújá wá ti dínkù nítorí pé iye epo rọ̀bì já lulẹ̀, òótọ́ sì ni pé ó já lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kọ́ ni bóyá wọ́n purọ́. Ọ̀rọ̀ wa ni pé nígbà tí òṣìṣẹ́ náà wo àkọlé ìpínlẹ̀ rẹ̀, kò rí gbólóhùn kan tí ó lè fi bá ẹnikẹ́ni rojọ́. 'Ọmọlúàbí' dúró níbẹ̀ láìní olùwà, bí 'ọ̀wọ̀' ṣe dúró ní Houston. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ti baba wa, bí a bá ti bọ́ gbólóhùn kúrò lára rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.

Òwe kan wà tí ó jọ pé fún ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe pa á: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àyẹ̀wò wa fi hàn pé nǹkan ti yí díẹ̀ lórí ọjà. Ọ̀rọ̀ náà 'òtítọ́' kò kùtà mọ́. Ó ń tà wàràwàrà, owó gọbọi ni àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń ná láti kọ ọ́ sára ògiri. Ohun tí ó ṣì ń kùtà ni ìṣe rẹ̀. Òwe mìíràn ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ń tu ni nínú, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà kí ọjọ́ kan náà tó pé. Nígbà tí òtítọ́ bá Enron, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí owó ìfẹ̀yìntì wọn wà nínú ìpín ilé-iṣẹ́ náà ti pàdánù rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni èyí kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá? Ó kàn án gidigidi. Ní Ọ̀jọ́, nítòsí Ìyànà Ìbà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti ọdún 1983, òtítọ́ àti ìsìn sì ni ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà tirẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ibẹ̀ àti ti àwọn yunifásítì mìíràn jáde lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, níbi tí wọn óò ti ka àkọlé ìwà ilé-iṣẹ́ lórí bí ẹni ń ka oríkì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ èdè Yorùbá ni yóò sì rí iṣẹ́ ògbufọ̀: báńkì, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yóò ní kí wọ́n túmọ̀ àkọlé wọn sí Yorùbá fún ìpolówó. Ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀-orúkọ dípò ọ̀rọ̀-orúkọ, kí a gba owó, kí a máa lọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti yá wọn ní iyì èdè wa láti fi bo ohun tí a kò mọ̀.

Àbá wa ni pé kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti dá gbólóhùn padà sínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé 'ọ̀wọ̀' wá, kí ògbufọ̀ béèrè pé: ta ni ó ń bọ̀wọ̀ fún ta, nínú kí ni, kí ni ẹ̀yin kì í sì í ṣe nítorí rẹ̀? Bí ilé-iṣẹ́ náà bá lè dáhùn, yóò rí gbólóhùn Yorùbá tí ó mọ́yán lórí gbà, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníbàárà sì lè dì mú. Bí kò bá lè dáhùn, a jẹ́ pé ògbufọ̀ náà ti rí ohun tí ó wà lẹ́yìn férémù. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwa tí a kọ́ ọ sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í.